Orí Kẹrin: Ta Ló Ni Ìròyìn Tí Ẹ Fẹ́ Gbé Síta?

Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà máa ń fún àwọn tó ń lo Facebook, WhatsApp, Instagram tàbí TikTok ni pé kí wọ́n má ṣe tú àṣírí síbẹ̀. Ìmọ̀ràn náà kò burú, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀, nítorí ẹni tó ń gbé nǹkan síta kì í rò pé àṣírí ni òun ń tú. Ìyá tó gbé èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ síta, ayọ̀ ló ń yọ̀. Àbúrò ọkọ tó kọ ọ́ sórí státọ́ọ̀sì pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ti lóyún, àdúrà ló ń gbà. Ẹni tó kọ “Sùn re o, Dádì” ní aago mẹ́fà ìdájí, ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó gbèrò ibi nínú wọn. Síbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè ti ṣe ohun tí kò tọ́ sí wọn láti dá ṣe, nítorí ìròyìn tí wọ́n gbé síta, ẹlòmíràn ló ni ín, tàbí kó jẹ́ pé àjọni ni. Ohun tí orí yìí fẹ́ fi yé yín nìyẹn: kí a tó bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ kan jẹ́ àṣírí, ká kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá ti mọ ẹni tó ni ín, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó kù yóò yanjú.

Àwọn àgbà wa sọ pé kì í ṣe gbogbo aṣọ là ń sá sóòrùn. Bí ẹnikẹ́ni bá pa òwe yìí fún ọ̀dọ́ tó ń lo ìkànnì lónìí, aṣọ tó dọ̀tí ni yóò wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n aṣọ tó mọ́ tónítóní pàápàá, bó bá jẹ́ ti aládùúgbò, ẹ kò ní ká a lórí okùn rẹ̀ kí ẹ lọ sá a sójú títì nítorí pé ó wù yín. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn ayọ̀ rí. Oyún, físà, iṣẹ́ tuntun, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ìgbéyàwó tí wọn kò tíì mú ọjọ́ rẹ̀: gbogbo rẹ̀ ló dára, gbogbo rẹ̀ ló sì ní ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́. Aláboyún lè fẹ́ kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kọjá kó tó lanu, nítorí ó mọ̀ pé àárín àkókò yẹn ni oyún sábà máa ń bàjẹ́ jù. Bí ó bá wá bàjẹ́ lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti kéde rẹ̀, òun ni yóò máa dá gbogbo ẹni tó ń kí i kú oríire lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́ẹ̀kan sí i fún oníkálukú. Ẹni tó rí físà gbà lè má tíì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá wọn yọ̀ lórí ìkànnì kò ní sí níbẹ̀ nígbà tí ìdààmú náà bá dé.

Ọ̀rọ̀ ikú ló fi èyí hàn jù lọ. Nílẹ̀ Yorùbá, ìròyìn ikú kì í ṣe ohun tí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ máa ń lọ kéde. Ẹbí a máa jókòó, wọn a rò ó. Ta ni yóò sọ fún ìyá olóògbé tó ti darúgbó? Ta ni yóò lọ bá opó? Àkọ́bí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ńkọ́, ṣé ẹnì kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí yóò dì í mú? Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọn kì í sọ ọ́ fún un lórí fóònù. Wọn a ní kó máa bọ̀ nílé, pé ara bàbá kò yá, títí yóò fi wà láàárín èèyàn kí wọ́n tó túfọ̀ fún un. Àwọn kan ka èyí sí irọ́ pípa. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ètò ìtọ́jú alààyè ni, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ẹbí ti ń tẹ̀lé e nítorí wọ́n mọ ohun tí ìròyìn òjijì lè ṣe fún ara àti ọkàn. Státọ́ọ̀sì WhatsApp irú èyí tí a ń lò lónìí, tó ti wà láti 2017, kò bá ètò yìí mu rárá. Wákàtí 24 péré ló ń lò kó tó parẹ́, ẹbí kan sì lè nílò ọjọ́ méjì kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó yẹ kó gbọ́. Kí ìpàdé ẹbí tó parí, àwòrán àbẹ́là ti wà lórí fóònù ará ìjọ, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ti fi ránṣẹ́ síwájú, ọmọ olóògbé sì ti rí fọ́tò bàbá rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú lábẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin.

Nítorí náà, bí ẹ kì í bá ṣe ọkọ tàbí aya, òbí tàbí ọmọ, tàbí ẹni tí ẹbí yàn, ẹ dúró. Ẹ dúró títí ẹ ó fi rí i pé ẹbí fúnra wọn ti kéde. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ olóògbé gan-an, ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín bóyá gbogbo wọn ti gbọ́. Ìdúró yìí kan ìkíni pẹ̀lú: ẹ má ṣe tẹ “ẹ kú àráfẹ́rakù” ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ó dá yín lójú pé ó ti mọ̀, nítorí àwọn míì wà tó jẹ́ pé àtẹ̀jíṣẹ́ ìbánikẹ́dùn ni wọ́n fi gbọ́ ikú. Ní ti àwòrán òkú àti fídíò jàǹbá ọkọ̀, mi ò rí ìdí kankan tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gbé e síta. Ẹni tó wà nílẹ̀ yẹn ní ìyá. Nọ́ḿbà àjọ ààbò ojú pópó Nàìjíríà, FRSC, 122, ni kí ọwọ́ yín tẹ̀ lójú títì, kó tó kan kámẹ́rà.

Kí ló fà á tí ìka fi máa ń ṣáájú ọgbọ́n? Àwọn onímọ̀ ti wádìí rẹ̀. Ní 2012, Diana Tamir àti Jason Mitchell ní Yunifásítì Harvard fi hàn pé bí èèyàn bá ń sọ nípa ara rẹ̀, apá ibi tí ọpọlọ fi ń mọ adùn oúnjẹ àti owó náà ni yóò ta jí. Àwọn kan tilẹ̀ yàn láti gba owó tó dín kí wọ́n lè máa dáhùn ìbéèrè nípa ara wọn dípò ti ẹlòmíràn. Ní 2004, John Suler ti kọ̀wé nípa bí ẹnu èèyàn ṣe máa ń tú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí kò rí ojú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, kò sì rí i kí ojú náà yí padà. Alice Marwick àti danah boyd tún fi kún un ní 2011 pé ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìkànnì a máa ní àwọn kan lọ́kàn tó ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ń kà á pọ̀ ju àwọn yẹn lọ, wọn kì í sì í ṣe irú èèyàn kan náà. Ẹ ṣí orúkọ tó wà nínú fóònù yín wò, ẹ ó rí i. Aránṣọ wà níbẹ̀, mẹkáníìkì wà níbẹ̀, onílé wà níbẹ̀, olùkọ́ ọmọ, ẹni tí ẹ jẹ ní gbèsè, ẹni tó jẹ yín, àna, àti olólùfẹ́ àtijọ́ tí ẹ kò tíì pa nọ́ḿbà rẹ̀ rẹ́. Nígbà tí ẹ kọ ọ́ pé “ọkọ mi bà mí lọ́kàn jẹ́ lónìí,” ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ méjì lẹ ní lọ́kàn. Gbogbo àwọn tó kù náà ló ka á.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá nìkan ló lè pani lára: nǹkan kéékèèké náà ń kóra jọ. Ní oṣù Kẹta 2020, Tony Abbott tó ti jẹ olórí ìjọba Ọsirélíà rí gbé fọ́tò ìwé tó fi wọ bàálù sórí Instagram. Ọkùnrin kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà mú nọ́ḿbà tó wà lára ìwé náà, ó fi wọ ojú òpó ilé iṣẹ́ bàálù, ó sì rí nọ́ḿbà pásípọ́ọ̀tù àti nọ́ḿbà fóònù Abbott. Oríire ibẹ̀ ni pé ọkùnrin náà kì í ṣe olè. Ṣe ló lọ ta ìjọba lólobó. Àwọn tó wọ ibùgbé gbajúmọ̀ Amẹ́ríkà nì, Kim Kardashian, ní Paris pẹ̀lú ìbọn ní oṣù Kẹwàá 2016 kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún ọlọ́pàá pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti rí ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n jí lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti mọ ìgbà tí yóò dé. Ilé ẹjọ́ dá èèyàn mẹ́jọ lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù Karùn-ún 2025. Ẹ lè sọ pé ẹ̀yin kò ní òrùka olówó iyebíye. Ṣùgbọ́n ẹ ní ọjọ́ ìbí, ẹ ní nọ́ḿbà NIN tó wà lójú ìwé tí ẹ yà, ẹ sì ní orúkọ ìdílé tí ìyá yín ń jẹ́ kó tó lọ sílé ọkọ, èyí tí báǹkì máa ń fi ṣe ìbéèrè ìdánimọ̀. Ẹ kíyèsí i pé orúkọ yẹn kì í ṣe tiyín nìkan. Gbogbo ọmọ ìyá yín ló ni ín, tí ẹ bá sì tú u, ẹ ti tú u fún gbogbo wọn. Ilé tí ẹ kọ ọ́ síta pé ó ṣófo títí di ọjọ́ Ajé, àwọn míì náà kó ẹrù wọn sínú rẹ̀.

Ẹni tí ìròyìn rẹ̀ ń jáde jù láìsí àṣẹ rẹ̀ ni ọmọdé. Ìwádìí kan tí AVG, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, ṣe ní 2010 fi hàn pé ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ní ohun kan nípa wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì, kí TikTok tó dé rárá. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ti tó láti gbé orúkọ ọmọ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ilé ìwòsàn tí wọ́n bí i sí, orúkọ òbí rẹ̀ méjèèjì àti àdúgbò wọn síta, gbogbo rẹ̀ nínú fídíò kan. Lẹ́yìn náà ni aṣọ ilé ìwé tó ní báàjì. Lẹ́yìn náà ni ìwẹ̀, ẹkún, ìtọ̀ orí bẹ́ẹ̀dì, àti ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ tí àwọn èèyàn fi rẹ́rìn-ín. Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ lójú mi ni àìsàn. Òbí tó kọ ọ́ síta pé ọmọ òun ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, tó sì fi fọ́tò ọmọ náà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù há a, àdúrà ló fẹ́ gbà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i kí àwọn èèyàn dúró tì í. Ṣùgbọ́n ọmọ náà yóò dàgbà ní orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bèèrè genotype kí ìfẹ́ tó jinlẹ̀. Òun ló yẹ kó pinnu ẹni tí yóò sọ fún, àti ìgbà tí yóò sọ ọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà, ti ọdún 2003, sọ ní abala kẹjọ rẹ̀ pé gbogbo ọmọ ló ní ẹ̀tọ́ sí ìpamọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi àyè sílẹ̀ fún òbí láti máa mójú tó o. Ilẹ̀ Faransé tún ṣe òfin kan ní oṣù Kejì 2024 tó fi yé òbí méjèèjì pé àwọn ló jọ ni ojúṣe láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ ọmọ lórí àwòrán ara rẹ̀, kí wọ́n sì máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ṣe mọ.

Àwọn òbí tó wà lókè òkun yóò sọ pé fọ́tò wọ̀nyí ni ìyá àgbà ní Ìbàdàn fi mọ ọmọ ọmọ rẹ̀. Òótọ́ ni, n kò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó fi ìyẹn du màmá. Ṣùgbọ́n màmá nìkan ló ń dúró de fọ́tò náà. Àwọn ẹgbẹ̀rún kan tó ń tẹ̀lé yín kò dúró dè é. Ẹ fi ránṣẹ́ sí i tààrà, tàbí kí ẹ dá gúrúùpù ìdílé kékeré sílẹ̀ tí ẹ mọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a kì í kó fọ́tò ọmọ jáde. Àwọn àǹtí kan kò ní gbọ́ nígbà àkọ́kọ́. Ẹ tún un sọ.

Àtakò tó wúwo jù tún wà. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ “má sọ ọ́ síta” yìí gan-an ni wọ́n fi ń pa obìnrin lẹ́nu mọ́, pé ìdákẹ́ ló mú kí ẹni tó ń na ìyàwó máa nà án lọ, tó sì mú kí ẹni tó bá ọmọ sùn máa rìn ní gbangba. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò parọ́. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè orí yìí kò fi jẹ́ “ṣé àṣírí ni?” Bí ẹ bá fi àṣírí wọn ọ̀rọ̀, ẹni tó nà yóò ní àṣírí ilé òun ni. Bí ẹ bá bèèrè ẹni tó ni ìtàn náà, ìdáhùn ni pé ẹni tí wọ́n nà ló ni ín. Egbò ara rẹ̀ ni. Kò nílò àṣẹ ọkọ, ti ìyá ọkọ, tàbí ti pásítọ̀ kó tó sọ ọ́. Ohun tí kò tọ́ ni kí ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò gbé fídíò rẹ̀ síta kí òun tó wà níbi tí ọwọ́ ọkọ náà kò ti lè tó o, nítorí òun ni yóò fara gba ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ lóru ọjọ́ yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ẹ ya fọ́tò egbò náà bó bá gbà, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ ìhalẹ̀mọ́ni, ẹ mú un lọ sí ọsibítù kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì bá a gbé ẹjọ́ náà dé ibi tí agbára wà. Ní Èkó, òfin tó dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé ti wà láti 2007, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwà ipá inú ilé àti ìfipábánilòpọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Fífi ọ̀rọ̀ síta kì í ṣe ìfisùn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

Ìjà tọkọtaya tí kò ní ìyà nínú ṣòro jù láti dá lẹ́jọ́. “Ìgbésí ayé mi ni” ni ẹni tó ń kọ ọ́ máa ń sọ, ó sì jàre ní ìdajì. Ohun tó dun òun, òun ló ni ín. Ṣùgbọ́n gbèsè tí ọkọ jẹ, àìrọ́mọbí tí dókítà sọ fún wọn ní yàrá kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ tí ìyàwó sọ nígbà tó ń sunkún, ìyẹn kì í ṣe tẹnì kan. Ẹ lè kọ̀wé pé ọkàn yín gbọgbẹ́ láìsọ ohun tí ẹnì kejì fi sínú ọwọ́ yín. Bí ìjà náà bá sì parí lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀yin méjèèjì á ti gbàgbé, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí tó kà á kò ní gbàgbé.

Ní ti kíkó owó jọ fún aláìsàn, mo mọ̀ pé ẹ̀mí ti là nípasẹ̀ rẹ̀, n kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Ẹ kàn bi aláìsàn náà ohun tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ bi ẹni tó sún mọ́ ọn jù. Orúkọ àìsàn, iye tó kù, ọsibítù tó wà, àti ọ̀nà tí olùrànlọ́wọ́ lè fi sanwó tààrà sí ọsibítù náà ti tó. Ìhòòhò rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó wà nímú rẹ̀ kò fi ẹ̀rí kankan kún ti ìwé dókítà. Ẹ má sì gbàgbé láti mú ohun tí ẹ gbé síta kúrò nígbà tí owó bá pé.

Ẹni tó ń tajà lórí ìkànnì kò ní ìṣòro púpọ̀ níbí: ọjà rẹ̀ ni kó gbé síta. Oníbàárà tó wọ aṣọ tó rán, tàbí tó jókòó sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń dirun, kò ta ojú rẹ̀ mọ́ ọn. Kó bèèrè.

Bíbèèrè yìí gan-an ni iṣẹ́ ojoojúmọ́, kò sì ju gbólóhùn kan lọ. Sí àgbàlagbà: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n gbé fọ́tò yín yìí sórí Facebook?” Sí ọmọ ọdún mẹ́jọ: “Ṣé o fẹ́ kí àwọn àǹtí rẹ rí èyí, àbí kí ó wà lọ́dọ̀ wa?” Bí ọmọ bá ní rárá, rárá náà ni, bí fọ́tò náà ti wù kó dára tó. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yín síta láìbèèrè, ẹ má ṣe bá ẹni náà jà lábẹ́ ohun tó gbé síbẹ̀, nítorí ariwo yẹn ni yóò pe àwọn tí kò tíì rí i. Ẹ pè é lórí fóònù: “Àǹtí mi, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ẹ ṣé púpọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yọ ọ́, a ò tíì sọ fún màmá.” Èmi gbà pé ohùn yìí ń ṣiṣẹ́ ju òfin lọ nínú ẹbí. Òfin Ìdáàbòbò Dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kò tilẹ̀ kan ohun tí èèyàn fi dátà ṣe fún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tàbí ti ilé rẹ̀, àfi bó bá tẹ ẹ̀tọ́ ìpamọ́ tí ìwé òfin 1999 fún wa ní abala 37 mọ́lẹ̀, ta ni yóò sì gbé àǹtí rẹ̀ lọ sí kóòtù nítorí fọ́tò oyún?

Ní ti ohun tó ti jáde tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ṣì lè tó díẹ̀ nínú rẹ̀. WhatsApp fún yín ní nǹkan bí ọjọ́ méjì àti ààbọ̀ láti pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó gbà á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ya ojú fóònù rẹ̀ ti mú tirẹ̀ pamọ́. Ní apá ìpamọ́ státọ́ọ̀sì, ẹ lè yan kìkì àwọn tí yóò máa rí i. Ẹ ṣe é lónìí, kí ẹ sì yọ aránṣọ àti onílé kúrò. Lórí Facebook, ibì kan wà nínú ètò ìpamọ́ tó lè sọ gbogbo ohun tí ẹ ti gbé síta fún gbogbo ayé láti ọdún pípẹ́ di ti ọ̀rẹ́ nìkan lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ padà lọ wo àwọn fọ́tò ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bí ọmọ náà bá ti tó ẹni tó lè kàwé, ẹ pè é jókòó tì yín, kí ẹ jẹ́ kó sọ èyí tó ń lọ àti èyí tó ń dúró.